Ẹran Kọ́ Ló Ń Rọ́pò Ìrẹsì: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Dín Oúnjẹ Afáralókun Kù Láìjẹ Gbèsè

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ yìí, tí wọn ò sì lè bá a dé ìparí oṣù, ló mú wa kọ ìwé kékeré yìí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń wí: "Oúnjẹ olówó ni." Kì í ṣe oúnjẹ olówó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló ń gbówó lọ́wọ́ wọn. A ò ní í kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọbẹ̀ sísè níbí, a ò sì ní í máa ka àwọn oúnjẹ afáralókun bí ìrẹsì, búrẹ́dì, ọ̀dùnkún àti ṣúgà fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti mọ̀ wọ́n. Àṣìṣe kan ṣoṣo la fẹ́ bá yín sọ.

Kí á tó débẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide àti gliclazide, kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ afáralókun kù láìtíì rí dókítà. Oògùn náà kò mọ̀ pé oúnjẹ ti dín kù. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí èèyàn á fi dákú. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tí orúkọ wọn parí sí "gliflozin" ní ewu tiwọn lọ́tọ̀: ásíìdì lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí gbogbo wọn kọ́kọ́ gbà lọ. Ọmọdé kò sí nínú ètò yìí rárá. Ẹ má sọ pé a ò wí.

Àṣìṣe náà nìyí

Wọ́n á yọ ìrẹsì kúrò nínú àwo. Àyè á ṣófo. Wọ́n á wá fi ẹran dí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìrẹsì sísè gíráàmù 300 ní nǹkan bíi gíráàmù 84 afáralókun, ó sì ń fún ara ní kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 390. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹran adìẹ tí kò lọ́ràá fún yín ní kálórì yẹn, ẹran náà gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 235 lẹ́yìn tó bá ti jinná, yàtọ̀ sí ẹran tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì náà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, owó ta ni yóò gbé e? Nígbà tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, owó oúnjẹ ti tán, búrẹ́dì ti padà sórí tábìlì, wọ́n á sì máa sọ pé ètò náà kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀rá àti ẹ̀fọ́ ló ń rọ́pò ìrẹsì. Ẹran dúró bó ṣe wà, ẹ má fi kún un. Ní ipò gíráàmù 300 ìrẹsì yẹn, ẹ fi kábéèjì gíráàmù 250 sí i, ẹ fi òróró ṣíbí ìjẹun 2 dín in, kí ẹ sì wọ́n ẹ̀pà gíráàmù 15 lé e lórí. Kálórì 60 ni ti kábéèjì, 240 ni ti òróró, 85 ni ti ẹ̀pà. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 385, bí ẹni pé ìrẹsì kò kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n afáralókun inú rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 17 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fọn lè dín òróró rẹ̀ sí ṣíbí 1. Ẹ fi ṣíbí wọn òróró o. Ẹ má dà á láti inú ìgò.

Àwọn kan tún wà tí ẹ̀rù òróró ń bà. Wọ́n yọ ìrẹsì, wọ́n sá fún òróró, wọ́n wá jẹ ewé lásán. Kò ní í pẹ́ tí ebi á fi padà dé, bisikíìtì ni wọ́n á sì fi lé e. Àṣìṣe kan náà ni, ojú rẹ̀ ló yàtọ̀. Òróró sóyà, ti ẹ̀pà, ti òdòdó oòrùn, èyíkéyìí nínú wọn dára, ó sì sàn ju bọ́tà ojoojúmọ́ lọ. Èyí tó bá rẹlẹ̀ lówó ni kẹ́ ẹ rà.

Bí kábéèjì bá wọ́n, ẹ̀fọ́ eléwé èyíkéyìí lè gba ipò rẹ̀. Ẹ̀fọ́ inú yìnyín kò burú, kò sì ní í jẹrà mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìwọ̀n pùròtíìnì

Pùròtíìnì ni èròjà oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà. Àgbàlagbà nílò ó kéré tán gíráàmù 0.8 rẹ̀ lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wúwo. Ẹni tó wúwo tó kílò 70, gíráàmù 56 nìyẹn. Nínú ètò yìí, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ 70, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ẹyin ńlá kan ní 6. Sadíìnì gíráàmù 90 tí a ti ro omi rẹ̀ dànù ní bíi 22. Ẹran adìẹ sísè gíráàmù 100, láìka egungun, ní bíi 25. Ẹ̀pà gíráàmù 30 ní bíi 7. Ẹyin mẹ́ta, sadíìnì yẹn, ẹran yẹn àti ẹ̀pà yẹn ti jẹ́ 72. Ó ti tó fún òní.

Kí ẹ tó sanwó lọ́jà, ẹ pín iye owó ọjà náà sí iye gíráàmù pùròtíìnì inú rẹ̀. Ẹ má wo iye owó kílò nìkan, nítorí egungun wà nínú kílò. Ẹyin, ẹja inú agolo, ẹ̀dọ̀ àti odindi adìẹ ló sábà máa ń borí. Àyà adìẹ tí wọ́n ti bó awọ rẹ̀ tí wọ́n sì yọ egungun rẹ̀ kì í sábà borí, síbẹ̀ òun làwọn èèyàn ń sáré rà. Ẹ̀dọ̀ màlúù gíráàmù 100 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Kí aláboyún yẹra fún un, fítámíìnì A inú rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Àwọn tó ń sin adìẹ wà láàárín yín tó jẹ́ pé gbogbo ẹyin ni wọ́n ń kó lọ sọ́jà, tí wọ́n á sì fi owó rẹ̀ ra búrẹ́dì bọ̀. A ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ti ilé sílẹ̀ kí ẹ tó kó ìyókù jáde.

Ẹ má lé 20

Àwọn kan ti gbọ́ pé gíráàmù 20 sí 50 afáralókun lójúmọ́ ni ojúlówó. Ìyẹn wà, àwọn dókítà ń lò ó fún àwọn àìsàn kan, wárápá ọmọdé wà lára wọn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò nílò rẹ̀. Bí afáralókun bá ti wà lábẹ́ gíráàmù 130 lójúmọ́, ó ti kéré. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀wà kò bọ́ sóde. Ẹ̀wà sísè gíráàmù 100 ní bíi 20 sí 23 afáralókun, fáíbà (èròjà oúnjẹ tí kì í dà nínú ikùn) 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pùròtíìnì bíi 9. Ẹ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí ẹ dín ẹran ọjọ́ náà kù. Sóyà tún dára jù ú lọ, pùròtíìnì rẹ̀ pọ̀, afáralókun rẹ̀ kéré. Ẹ̀wà pupa tó rí bíi kíndìnrín ní májèlé: ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ó kéré tán wákàtí 5, ẹ da omi náà nù, ẹ sì jẹ́ kó hó gan-an fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó dín iná kù.

Àwọn ohun inú páálí tí wọ́n kọ sí lára pé afáralókun inú wọn kéré, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ní owó àfiṣòfò. Ẹ dẹ́kun ọtí ẹlẹ́rìndòdò pẹ̀lú: agolo mílílítà 330 kan ní bíi gíráàmù 35 ṣúgà, ó ti ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti òní lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè mú orí fífọ́ àti àárẹ̀ wá, torí omi ń jáde lára. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ má sì yọ iyọ̀ inú ọbẹ̀ àfi bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ yọ ọ́. Omi yẹn náà ló pọ̀ jù nínú kílò tó kọ́kọ́ bọ́, nítorí náà ẹ má tíì máa ṣe fáàrí.

Ìkòkò ọbẹ̀ kan ni kí ẹ máa sè fún gbogbo ilé. Ẹ se ìrẹsì àwọn ọmọ lọ́tọ̀, kí wọ́n bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀ kan náà. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e sínú fíríìjì kó tó pé wákàtí 2, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 3 sí 4. Ẹyin sísè tí ẹ kò tíì bó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 7.