Bẹ́ẹ ṣe lè ṣe ìdíje géèmù tí ìdílé ò ní tètè fẹ́ lọ sílé

Tẹ́ẹ bá ní ilé géèmù tí àwọn ìdílé máa ń wá, tàbí ẹ̀ ń bá ẹni tó ni ín mójú tó o, ẹ ti máa rí i pé nǹkan kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣe, wọ́n á wọlé, wọ́n á ra káàdì, àwọn ọmọ á máa sáré láti orí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíì, owó orí káàdì á tán, bàbá á wo aago, ó di ilé nìyẹn. Kì í ṣe pé géèmù yín ò dáa o. Wọn ò kàn rí nǹkan kan tí wọ́n á máa dúró dè ni. Ìdíje lè fún wọn ní nǹkan yẹn, àmọ́ tẹ́ẹ bá ṣe é báwọn èèyàn ṣe sábà máa ń ṣe é, òun gan-an ló máa lé wọn lọ kíákíá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé ẹni tó máa kọ́kọ́ jábọ́ ni kẹ́ẹ fi sọ́kàn tẹ́ẹ bá ń ṣètò, ẹ fi ẹni tó máa gba ife sílẹ̀ ná, ìyẹn á dúró fúnra ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọmọ 16 forúkọ sílẹ̀, ẹ ní nọ́kàòtù ni, ẹni tí wọ́n bá nà ti lọ nìyẹn. Tí ráúǹdù àkọ́kọ́ bá fi máa parí, ọmọ mẹ́jọ ti jáde, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lọ tẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́jọ yẹn ò dá wá. Ìyá wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, àbúrò tó kéré jù náà wà níbẹ̀, ọmọ tó ń sunkún tó ń fa aṣọ ìyá ẹ̀ ló sì máa pinnu ìgbà tí gbogbo wọn máa lọ. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Torí náà, ẹ ti fọwọ́ ara yín lé ìdajì ìdílé tó wá jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti fi yẹra fún èyí ni kẹ́ẹ fi àmì tí kálukú gbà nínú géèmù ṣà wọ́n dípò kẹ́ẹ máa so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mú géèmù kan tó ń ka àmì, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí méjì, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè gbìyànjú, ìgbà mẹ́ta ni kálukú ní, èyí tó dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa kọ. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù ńlá síbi tí ojú ti máa kọ́kọ́ dé, ẹ kọ orúkọ àwọn mẹ́jọ tó wà lókè síbẹ̀ pẹ̀lú àmì wọn, kẹ́ẹ sì máa tún un kọ bó ṣe ń yí padà. Ẹ ò ní mọ agbára tí bọ́ọ̀dù yẹn ní àfi tẹ́ẹ bá gbé e síbẹ̀. Ọmọ tó wà ní ipò keje tó ń ṣe géèmù míì lọ́wọ́, á máa yọjú wá wò ó, tó bá rí i pé wọ́n ti tì í sí ipò kẹsàn-án, tó sì ṣì ní ìgbìyànjú kan lọ́wọ́, ìdílé yẹn ò tíì ní lọ síbì kankan. Kò sẹ́ni tí wọ́n nà lójú gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó jókòó tó ń retí pé kí wọ́n pe orúkọ òun, àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó dé náà ṣì lè wọ inú ẹ̀. Ọ̀nà yìí ti pẹ́ o, nígbà tí Atari, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, ṣe ìdíje géèmù Space Invaders ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1980, tí àwọn tó lé ní 10,000 kópa, àmì náà ni wọ́n fi ṣa àwọn tó mọ̀ ọ́n jù láti ìlú bíi mélòó kan kí wọ́n tó pàdé ní New York fún àṣekágbá.

Tí wákàtí méjì yẹn bá pé, àwọn mẹ́jọ tó wà lókè á wá kojú ara wọn ní nọ́kàòtù, ìdíje méje péré ló kù, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀meje ni ẹni méjì máa kojú ara wọn. Ìyẹn ò lè gba ju ìṣẹ́jú 45 lọ.

Àmọ́ géèmù míì wà tí kò ṣeé fi àmì ṣà, bí air hockey (géèmù orí tábìlì tí afẹ́fẹ́ ń jáde lára ẹ̀), ẹni méjì gbọ́dọ̀ kojú ara wọn ni. Fún irú èyí, ẹ ṣe ọ̀nà kejì fún àwọn tó jábọ́. Àwọn mẹ́jọ tí wọ́n nà ní ráúǹdù àkọ́kọ́ á lọ bẹ̀rẹ̀ nọ́kàòtù tiwọn, ó ní ife tiẹ̀ náà, kálukú ti wá ní ó kéré tán ìdíje méjì lọ́wọ́. Ẹ wo àkókò tó máa gbà: ọmọ 16, ìdíje 15 ní ọ̀nà àkọ́kọ́, méje ní ọ̀nà kejì, 22 nìyẹn, tẹ́ẹ bá ka ìṣẹ́jú mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkókò tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ara wọn, lórí tábìlì kan ó jẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 12. Ìyẹn dáa. Àwọn kan máa ní kẹ́ẹ ṣe èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ pàdánù lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde pátápátá, òótọ́ ni pé òun ló tọ́ jù láàárín àwọn àgbà tó mọ géèmù dáadáa, àmọ́ èèyàn 16 á jẹ́ ìdíje 30 tàbí 31, wákàtí mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí tábìlì kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ ò lè fara dà á, èmi ò ní gbà yín níyànjú ẹ̀ níbi tí àwọn ìdílé wà. Tẹ́ẹ bá ní tábìlì méjì, ẹ lè pín wọn sí gúrúùpù mẹ́rin, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, kálukú á gbá mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Ìyẹn ló máa ń mú inú àwọn òbí dùn jù torí wọ́n rí ọmọ wọn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ nípa géèmù tó yẹ kẹ́ẹ mú wá. Kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kí ẹni tó dúró sẹ́yìn lè rí ẹni tó ń borí láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣàlàyé fún un, kó sì jẹ́ pé ọgbọ́n ọwọ́ ló ń pinnu ẹ̀. Air hockey wà níbẹ̀, géèmù básíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wà níbẹ̀, géèmù eré mọ́tò tí wọ́n so pọ̀ kí mẹ́rin lè sá a lẹ́ẹ̀kan náà dáa gan-an torí ó ń dín iye ìdíje kù. Géèmù ijó náà, irú Dance Dance Revolution tí ilé iṣẹ́ Konami gbé jáde lọ́dún 1998, kò sí èyí tó ń kó èrò jọ bíi tiẹ̀, àwọn tí ò forúkọ sílẹ̀ pàápàá á dúró wò ó, ẹ ṣáà rí i pé orin kan náà ni gbogbo wọn jó sí, ìpele kan náà. Ẹ yẹra fún àwọn ẹ̀rọ tó jẹ́ pé oríire ló ń pinnu ẹ̀, èyí tí ọwọ́ irin ń gbé bèbí àti irú wọn. Yàtọ̀ sí pé ó máa bí àwọn ọmọ nínú, ibi púpọ̀ wà tó jẹ́ pé téèyàn bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé, tí oríire sì ń pinnu ẹni tó gba ẹ̀bùn, òfin tẹ́tẹ́ lè mú un. Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tàbí ìjọba àdúgbò kẹ́ẹ tó gba owó kankan. Tó bá jẹ́ tèmi, mo máa jẹ́ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ti ra káàdì.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ yẹ ẹ̀rọ wò. Ẹ má fojú di èyí o. Ẹ wọ inú sẹ́tíǹgì, kẹ́ẹ rí i pé ẹ̀rọ méjèèjì le bákan náà, àkókò wọn ò sì yàtọ̀, torí ọmọ tó bá pàdánù lórí ẹ̀rọ tí bọ́tìnnì ẹ̀ ń há máa rántí títí tó fi máa dàgbà, òbí ẹ̀ náà á sì máa rántí. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù sínú gbogbo agbọ̀n kẹ́ẹ wò ó bóyá ó ń kà á, ẹ nu tábìlì air hockey kí ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀ má dí, ẹ fi pọ́ọ̀kì kan (ohun róbótó tí wọ́n ń gbá lórí tábìlì náà) sílẹ̀ fún ìgbà tí ọ̀kan bá sọnù. Tí ìyàtọ̀ bá ṣì wà lára ẹ̀rọ méjèèjì, kí wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, ká wá ro àmì wọn pọ̀. Ẹ pinnu ṣáájú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ̀rọ bá kú láàárín ìdíje, kẹ́ẹ kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú òfin márùn-ún tàbí mẹ́fà tó kù. Ẹ má sì gba gbogbo ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn tí ò bá ìdíje wá, tí ẹ̀rọ mọ́tò bá jẹ́ mẹ́fà ẹ fi méjì sílẹ̀ fún wọn, ẹ kọ aago tí ìyókù máa dá padà.

Ẹ pín wọn ní ọjọ́ orí. Ọdún mẹ́jọ sísàlẹ̀, mẹ́sàn-án sí 12, 13 sí 17, àgbà. Èyí tó wá dáa jù lójú mi ni òbí àti ọmọ nínú tíìmù kan, ọmọ á gbá ìdajì, bàbá tàbí ìyá á gbá ìdajì, a ro àmì wọn pọ̀. Bàbá tó wà nínú ìdíje ò ní ráyè wo aago. Màmá àgbà náà lè ṣe é o, ẹ má yọ wọ́n sílẹ̀, báwọn ọmọ ṣe máa ń pariwo orúkọ màmá àgbà wọn kò láfiwé.

Àkókò ńkọ́? Ìgbà tí ilé géèmù yín bá dá ni kẹ́ẹ ṣe é, torí nígbà tí èrò bá ti kún tẹ́lẹ̀, ìdíje á kàn gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn tó ń sanwó ni. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sí 20 sáàárín ráúǹdù kan àti èkejì (mi ò kà á mọ́ àkókò tí mo ṣírò lókè), àárín yẹn ni wọ́n máa jẹun, tí wọ́n máa lọ gbá géèmù míì, tí wọ́n máa tún fi owó sórí káàdì, èrè yín wà níbẹ̀. Kí wọ́n lè lọ káàkiri láìbẹ̀rù, ẹ gba nọ́ńbà wọn kẹ́ẹ máa tẹ mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kó kàn wọ́n, tàbí kẹ́ẹ fi tíìmù tó kàn hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ tún fi àga síbi táwọn òbí á ti rí nǹkan dáadáa. Àmọ́ ẹ má fi ọgbọ́n fà á gùn. Tẹ́ẹ bá ní aago mẹ́rin ni fáínà (ìyẹn àṣekágbá), aago mẹ́rin ni kó jẹ́. Ẹni tó fi ìfẹ́ dúró lọ́dọ̀ yín ló máa padà wá, ẹni tẹ́ẹ dá dúró ò ní padà, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀.

Ẹ nílò rẹfirí kan ní ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan nídìí bọ́ọ̀dù, ẹnì kan tó mú máìkì. Ẹni tó mú máìkì yẹn, kó kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó máa pe ẹni tó pàdánù náà pẹ̀lú ọ̀yàyà, kó máa sọ ohun tó ṣe dáadáa. Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni kó dájọ́, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá ọmọ náà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, òbí tó ń pariwo kẹ́ẹ mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ́ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ gba àyè lọ́wọ́ òbí nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀.

Ẹ̀bùn: ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ fún ẹni tó ṣe ipò kìíní ní ife, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sára ògiri fún oṣù kan. Gbogbo ẹni tó kópa, títí kan ẹni tó jábọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fún wọn ní géèmù ọ̀fẹ́ tí wọ́n lè lò lọ́jọ́ míì, kó má jẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí òfin ibi tẹ́ẹ wà bá gbà á, ẹ tún fa orúkọ kan yọ nínú gbogbo wọn lẹ́yìn fáínà, ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló lè gbà á, ẹ sì sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ kọ aago tí wọ́n wọlé sára báńdì tẹ́ẹ so mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ gbà á padà lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ẹ kọ aago tí wọ́n jáde. Ẹ ṣe é fún ìdílé 30 lọ́jọ́ ìdíje, ẹ tún ṣe é fún 30 ní irú ọjọ́ kan náà tí kò sí ìdíje. Ẹ má wo àpapọ̀ owó nìkan, ó lè jẹ́ èrò ló pọ̀, ẹ wo iye àkókò àti iye owó ìdílé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ wá ya àwọn tó jábọ́ lákọ̀ọ́kọ́ sọ́tọ̀, kẹ́ẹ wo aago tí àwọn yẹn jáde. Tó bá jẹ́ pé kété tí wọ́n pàdánù ni wọ́n ń lọ, ètò yín ló yẹ kẹ́ẹ tún ṣe, ìpolówó kọ́. Ẹ tún bi àwọn tí ò kópa léèrè bóyá ariwo yẹn dí wọn lọ́wọ́.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi géèmù kan bẹ̀rẹ̀, ọmọ mẹ́jọ tó fún àṣekágbá. Tó bá lọ dáadáa, ẹ sọ ọ́ di líìgì tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ipò kọ̀ọ̀kan ní póìǹtì tiẹ̀, kí ẹni tó ṣe ìkẹyìn náà ní póìǹtì kan tó máa gbé lọ sí oṣù tó ń bọ̀. Kí ọjọ́ ìdíje tó kàn ti wà lórí bọ́ọ̀dù kí fáínà tó bẹ̀rẹ̀, torí tí wọ́n bá ti gba ife tán, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo èèyàn ń wò.