Bí ẹ ṣe lè fi máàkì àti iye ẹ̀dà tó tà mọ géèmù tó dára

Kí èèyàn tó fọwọ́ kan géèmù ló ti ń sanwó rẹ̀. Nítorí náà, iye ẹ̀dà tó tà ń sọ bí ìpolówó, orúkọ àti owó rẹ̀ ṣe fa èrò tó. Máàkì àwọn onílámèyítọ́, ìyẹn àwọn tó ń yẹ géèmù wò, sún mọ́ ìdára géèmù jù ú lọ, àmọ́ ó gba kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á.

Tí wọ́n bá sọ iye tó tà fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bí ẹ̀dà náà ṣe dé ọwọ́ èèyàn. Wii Sports lé ní mílíọ̀nù 82 ẹ̀dà, síbẹ̀ máàkì 76 nínú 100 ló ní lórí Metacritic, ìkànnì tó ń ṣe ìpíndọ́gba máàkì àwọn onílámèyítọ́. Inú páálí ẹ̀rọ géèmù Wii ni wọ́n fi sí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ti ra géèmù nìyẹn. Ōkami tó jáde lórí PS2 (PlayStation 2, ẹ̀rọ géèmù Sony) lọ́dún 2006 gba 93 ní tiẹ̀, kò sì tà bó ṣe yẹ. Ẹ tún ṣọ́ra fún iye ẹ̀dà tí wọ́n kó fún àwọn ìsọ̀: èyí tó ṣì wà lórí àtẹ, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rà, wà nínú rẹ̀.

Tó bá kan máàkì, ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbá géèmù náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Cyberpunk 2077 jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2020. Ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fún àwọn onílámèyítọ́ kí ọjọ́ náà tó pé, ó sì gba 86. Nígbà tí wọ́n rí ti PS4, tó ń dì, tó ń kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́, 57 ló gbà. Ní ọjọ́ 18, Sony yọ ọ́ kúrò lórí PlayStation Store, ìsọ̀ rẹ̀ orí ayélujára. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20, ó ti tà ju mílíọ̀nù 13 lọ. Ẹni tó ní PS4, tó wá ń gbọ́kàn lé 86 tàbí mílíọ̀nù 13 yẹn, ti ṣìnà.

Ẹ má dúró lórí ìpíndọ́gba. Ká ní onílámèyítọ́ mẹ́ta fún géèmù kan ní 70, 75 àti 80, wọ́n sì fún òmíràn ní 95, 95 àti 35. Ìpíndọ́gba méjèèjì jẹ́ 75, bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra rárá. Ẹ ṣí àyẹ̀wò ẹni tó fún un ní 35, kí ẹ kà á délẹ̀. Tó bá jẹ́ pé géèmù náà ń pa ibi tó bá eré dé rẹ́, ìkìlọ̀ gidi nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé kò fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀yin sì fẹ́ràn rẹ̀, 95 ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìyàtọ̀ máàkì kan tàbí méjì ò tó nǹkan. Metacritic kì í ka gbogbo onílámèyítọ́ sí bákan náà, kì í sì í sọ ìwọ̀n tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó dùn wá pé àwọn tó ṣe Fallout: New Vegas lọ́dún 2010 pàdánù owó ajẹmọ́nú nítorí pé 84 ni wọ́n gbà dípò 85.

Ti Steam, ìsọ̀ géèmù kọ̀ǹpútà orí ayélujára tí àwọn tó rà á ti ń sọ èrò wọn, yàtọ̀. Ìdá 95 nínú 100 níbẹ̀ kì í ṣe máàkì: ohun tó ń sọ ni pé nínú èèyàn 100, 95 ní kí ẹ rà á. Géèmù tó kàn dára níwọ̀nba lè ní i. Ẹ wo iye wákàtí tí ẹni tó kọ èrò rẹ̀ síbẹ̀ ti fi gbá a, kí ẹ sì fi ti ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá wé ti àtẹ̀yìnwá. Tí ó bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ ka ìdí rẹ̀. Nígbà mìíràn ìbínú sí ilé-iṣẹ́ ni. Tí ó bá ń gòkè, bíi ti No Man's Sky tí wọ́n ń tún ṣe láti ọdún 2016, máàkì ọjọ́ àkọ́kọ́ ti di ògbólógbòó.

Iye tó tà náà ní ìwúlò tirẹ̀ tó bá ti pẹ́. Among Us jáde lọ́dún 2018, kò sì gbòde àfi lọ́dún 2020. Géèmù tó ń tà lẹ́yìn ọdún méjì tí ìpolówó ti dákẹ́, ẹnu àwọn tó ń gbá a ló ń polówó rẹ̀.

Tí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, Steam máa ń dá owó padà tí kò bá tíì pé ọjọ́ 14 tí ẹ rà á, tí ẹ ò sì tíì gbá a tó wákàtí méjì. Ẹ má fi àkókò náà wo fídíò ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè dé ibi tí ìjà tàbí eré sísá ti pọ̀ jù, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ yín gbé e.