Bí Ṣúgà Bá Já Wálẹ̀, Bí Ó Bá Fò Sókè

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, kí ẹ tó di ẹ̀bi ru ẹ̀bà pé òun ló gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín sókè, ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn tán tó wá gún ìka, omi ọsàn ara ìka yẹn wà lára ohun tí mítà tí a fi ń wọn ṣúgà máa kà. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ lò, kí ẹ nu ọwọ́ gbẹ, kí ẹ sì gún ẹ̀gbẹ́ ìka, torí ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Ẹ tètè dé agolo strip, ìyẹn pélébé tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, padà. Ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́.

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ, 80 sí 130 mg/dL la fẹ́ kí wọ́n tó jẹun, kó má sì dé 180 ní wákàtí 2 lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Dókítà lè fún arúgbó tàbí aláboyún ní iye tiwọn. Bí mmol/L ni mítà yín ń kà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18: 5 á di 90.

Tí nọ́ńbà bá ti wọ abẹ́ 70, ṣúgà ti já nìyẹn. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bo ara, àyà á máa lù kì-kì-kì, ebi á dé lójijì. Nígbà míì, ìbínú tí kò nídìí ni ará ilé máa kọ́kọ́ rí. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ ṣúgà oníhóró 4, tàbí kí ẹ po ṣíbí ìjẹun kan glucose oníyẹ̀fun mọ́ omi, tàbí kí ẹ mu nǹkan bí 150 ml ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Èyí tí wọ́n kọ zero sí lára kò wúlò níbí. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tíì tó 70, ẹ tún un ṣe. Tó bá ti gòkè, ẹ wá jẹ ohun gidi, bíi mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ díẹ̀.

Ìbẹ̀rù ló ń jẹ́ kí èèyàn jẹ gbogbo ohun tó wà nílé láàárín ìṣẹ́jú 15 yẹn, tí ṣúgà á fi wá fò kọjá ààlà. Ẹ̀pà àti ṣokoléètì ń kọ́? Ọ̀rá inú wọn kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá sì ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe oyin. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lélẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nínú oògùn àtọ̀gbẹ, ínsúlínì, Daonil àti glimepiride ló sábà máa ń já ṣúgà lulẹ̀. Metformin nìkan kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lo Daonil láàárọ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ká a mọ́ ọ̀nà láìjẹun ti wà nínú ewu. Ògógóró lórí òfìfo ikùn tún burú: ọtí ni ẹ̀dọ̀ á gbájú mọ́, kò ní tú ṣúgà tó ti kó pamọ́ sílẹ̀, ó sì lè di òru kí ṣúgà tó já.

Ní ti kó máa fò sókè, àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n ní àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ṣúgà, ẹni náà wá jẹ òkìtì mẹ́ta. Ìwọ̀n ló ṣe kókó. Kí òkèlè yín tó ìkúùkù yín kan, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹja tàbí ẹ̀wà gba ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja, kí ẹ tó kan òkèlè. Èyí nìkan máa ń dín bí ṣúgà ṣe ń fò kù. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 15. Ògì mímu tètè ń gbé ṣúgà sókè ju bó ṣe rọ̀ lọ́fun lọ, nítorí náà kí àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín bá a rìn, kí ẹ má sì bu ṣúgà sí i.

Tó bá kọjá 300 pẹ̀lú èébì tàbí èémí tó jinlẹ̀ tó sì ń yára, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má sọ oògùn di méjì fúnra yín. Ẹni tó ń gba ínsúlínì kò gbọ̀dọ̀ dá a dúró nítorí pé àìsàn kò jẹ́ kó jẹun. Kó pe dókítà rẹ̀.

Ẹ fi ṣúgà oníhóró 4 sínú ọ̀rá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, kí ẹ fi òmíràn sínú àpò tí ẹ ń gbé jáde.