Yíya Àwòrán Olúmọ àti Ilé Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta

Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ sí Olúmọ, kí oòrùn tó mú, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń fi ihò abẹ́ àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní nǹkan bí 1830 hàn dáadáa. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó kọ kámẹ́rà sí ojúbọ. Lókè, òrùlé páànù tó ti dípẹtà, tó sì tẹ́ lọ rẹrẹ, ni àwòrán gan-an, kì í ṣe ojú ọ̀run.

Ní ilé ìdílé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni tó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tako owó orí ní 1947, ẹ pa iná kámẹ́rà, kí ẹ sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ dígí fọ́tò ara ògiri, kí òjìji yín má baà hàn níbẹ̀.