Áńpù Alápapọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ohùn Yàrá: Bí Ẹ Ṣe Lè Yàn Án fún Pálọ̀ Yín Nílẹ̀ Ọ̀kun

Ẹ dúró láàárín pálọ̀, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá dún "pá" tó sì kú síbẹ̀, ẹ ṣoríire. Bí ìró tín-ín-rín kan bá ń gbọ̀n tẹ̀ lé e bí ìgbà tí abọ́ irin bọ́ sílẹ̀, á jẹ́ pé táìsì, ògiri búlọ́ọ̀kù àti sílìn P.O.P. ló ń ju ohùn síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Kàbà, Ìyàrá, Mọ̀pà títí dé Ìsánlú, nílẹ̀ Ọ̀kun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ló rí báyìí. Ilé dára lójú, etí ló ń jìyà.

Irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ èèyàn di ẹni tó ń wá áńpù alápapọ̀: àpótí kan ṣoṣo tó ní áńpù, Wi-Fi, Bluetooth àti ojú ihò tẹlifíṣọ̀n nínú, tó jẹ́ pé sípíkà méjì péré lẹ máa fi kún un. Ó tún ń fi máìkì gbọ́ ohun tí yàrá ń ṣe sí orin, á sì tún un ṣe. Wáàtì lọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ bi ọlọ́jà. Ẹ fi wáàtì sígbẹ̀yìn. Yàrá ló ṣáájú, máìkì ló tẹ̀ lé e, iná ló ṣìkẹta.

Ẹ mú téèpù, kẹ́ ẹ wọn yàrá. Nínú ooru tiwa, ohùn ń rìn tó mítà 348 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ gígùn yàrá di ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ fi pín 348. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mítà 3.66, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 7.32, ìdáhùn jẹ́ bíi 48 Hz, ìyẹn ìgbọ̀n 48 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ ni béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, ti máa wú. Nóòtì G ìsàlẹ̀ lórí jìtá béèsì, ìyẹn fírẹ́ẹ̀tì kẹta lórí okùn tó nípọn jù, jẹ́ 49 Hz. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ onijìtá bá bọ́ síbẹ̀, pálọ̀ á kùn "húùùn", àwọn nóòtì yòókù á dà bí ẹni tí kò jẹun. Bí yàrá bá jẹ́ 12 sí 12, ọ̀ràn di méjì, torí gígùn àti ìbú ń kùn lójú kan náà. Bẹ́ ẹ bá ní yàrá méjì tẹ́ ẹ lè mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ mú èyí tí gígùn rẹ̀ ju ìbú lọ.

Wíwú yìí ni áńpù mọ̀ ọ́n bù kù dáadáa. Ohun tí kò lè ṣe ni kó dí kòtò. Ibì kan máa ń wà tí béèsì ti ń pa ara rẹ̀, àárín gbùngbùn yàrá ló sì sábà máa ń jẹ́. Bí áńpù bá fẹ́ fi 10 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó) kún un níbẹ̀, ìlọ́po mẹ́wàá agbára ló máa ná: wáàtì 5 á di 50, sípíkà á máa mí helehele, kòtò ò sì ní dí. Àga ni kẹ́ ẹ sún, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sẹ́yìn. Ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ìgbọ̀nrìrì tó tẹ̀ lé àtẹ́wọ́ yẹn náà kì í ṣe iṣẹ́ áńpù. Kápẹ́ẹ̀tì, àga onífóòmù àti kọ́tìnnì tó nípọn loògùn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé aṣọ híhun Ògìdì kọ́ sára ògiri, tẹ́ ẹ fi àlàfo íǹṣì mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, á gba díẹ̀ nínú ohùn òkè. Béèsì ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ó kan máìkì. Lyngdorf TDAI-1120, áńpù tó wá láti Denmark, ń lo ètò àtúnṣe yàrá tí wọ́n ń pè ní RoomPerfect, máìkì rẹ̀ sì ń bá a wá nínú páálí. NAD M10 ń lo irú ètò bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ́ Dirac Live, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Sweden, wáàtì 100 ló sì ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. WiiM Amp ló rọjú jù lówó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: wáàtì 60 sí sípíkà 8 ohm, 120 sí 4 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó). Máìkì fóònù yín lòun lè fi gbọ́ yàrá, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n wà. Torí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe ṣe máìkì fóònù, ti fóònù kan ò sì dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Ẹ bọ́ àpò fóònù kúrò, ẹ nu ihò máìkì, kẹ́ ẹ sì fi àtúnṣe mọ sáàárín 40 sí 300 Hz. Lókè ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí sípíkà sọ̀rọ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ. Bẹ́ ẹ bá rí "Dirac ready" lára páálí kan, ẹ béèrè dáadáa: owó àṣẹ láti lo Dirac lè má sí nínú owó ọjà.

Iná ló ń pa áńpù níhìn-ín ju ohun gbogbo lọ. Ẹ yí ẹ̀yìn áńpù síta kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ "100–240V" sí i, ó tẹ́ni lọ́rùn. Bó bá jẹ́ "120V" nìkan, Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kì í bọ iná AEDC ló máa jóná. Ẹ fi sitebiláísà sí i. Bó bá jẹ́ ìńfátà lẹ ń lò, kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ "pure sine wave" sí; èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ lè máa fi ariwo "ssss" bọ́ sínú sípíkà. Bí ààrá bá ti ń kù lórí òkè, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Pípa bọ́tìnnì nìkan kò tó.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa náà ń sá lọ, ó ń sá bọ̀. Orin orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 320 kbps ń jẹ dátà bíi MB 144 ní wákàtí kan. Ẹ ra áńpù tó ní ihò USB tó lè ka orin lórí fúláàṣì.

Wáyà sípíkà: 1.5 mm² tó fún mítà márùn-ún. Bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, ẹ ra 2.5. Ẹ fi ọ̀bẹ ha orí wáyà kẹ́ ẹ tó rà á. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, lápá méjèèjì. Bí ọ̀kan bá yí padà, béèsì á pòórá, ẹ ó sì máa bú áńpù tí kò ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa wọn yàrá, ẹ pa fáànù, fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ẹ gbé sípíkà kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ so máìkì mọ́ igi tàbí ẹsẹ̀ kámẹ́rà, kó ga tó etí ẹni tó jókòó. Ẹ má fọwọ́ dì í mú. Ojú àga tẹ́ ẹ máa ń jókòó lé gan-an ni wíwọ̀n àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni áńpù ti ń mọ bí sípíkà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó. Bó bá ní kẹ́ ẹ wọn ibòmíràn, ẹ tàn án ká ibẹ̀, níwọ̀n apá kan: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, òkè díẹ̀, ìsàlẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wọ̀n wọ́n jọ sójú kan, áńpù á tún ibi tí orí kan wà ṣe, á ba ti ẹni tó jókòó tì yín jẹ́.

Bẹ́ ẹ bá tan àtúnṣe tán, ó lè dà bíi pé béèsì ti sá lọ. Kò sá lọ. Ìkùn ló lọ. Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀ kí ó dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó dájọ́. Bó bá ṣì fúyẹ́, ẹ fi 3 dB kún ìsàlẹ̀ 100 Hz.

Fèrèsé wá ńkọ́? Béèsì ń gba ojú fèrèsé jáde. Ẹni tó wọn yàrá ní títì, tó wá ń ṣí gbogbo rẹ̀ nítorí ooru oṣù kẹta, orin rẹ̀ á gbẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì bí áńpù yín bá lè pa ju ẹyọ kan mọ́: ẹ pe ọ̀kan ní "Ooru", ẹ wọ̀n ọ́n ní ṣíṣí. Ẹ pe èkejì ní "Ọyẹ́".