Àpò fóònù tí àwọn ọmọdé fọwọ́ rán fún jù: ohun tó yanjú ẹ̀

Aṣọ felt, aṣọ tó ki tí etí ẹ̀ kì í yọ òwú, ni àwọn ọmọ fi rán àpò náà. Wọ́n rán an tán, ó dùn ún wò, àmọ́ fóònù ò wọ inú ẹ̀. A kọ́kọ́ fà á títí. Ẹnu ẹ̀ kàn fẹjú ni. A tú u, a wá tún un rán sí bèbè etí gan-an; òwú já aṣọ.

Ìwọ̀n ló fà á: a wọn fífẹ̀ fóònù, a ò ka nínípọn ẹ̀ mọ́ ọn. Fóònù yẹn fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7.5, ó nípọn ní 0.9. A fi 1.2 kún un fún etí méjèèjì tí a máa rán, àti 0.4 kó lè rọ̀ díẹ̀. Fífẹ̀ aṣọ tí a máa gé wá di 10 géérégé. Ẹyọ aṣọ kan la gé, gígùn ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gígùn fóònù, ó lé ní 1. A ṣẹ́ ẹ po nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjì péré ló kù láti rán.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí 0.6 láti etí, kí ọmọ máa gún abẹ́rẹ́ sórí ẹ̀. Tó bá dé ẹnu àpò, kó rán ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tú. Aṣọ tó bá ń yọ òwú létí lè gbà ju 0.6 lọ.