Kí Idẹ Inú Igi Má Baà Ṣú

Àpótí ohun ọ̀ṣọ́ ni mo máa ń kàn, igi apá ni mo ń lò, mo sì máa ń tẹ idẹ tín-ín-rín wọ inú ìdérí rẹ̀. Ohun tí ẹ bá ṣe láàárín ìgbà tí sáńpépà kúrò lórí idẹ sí ìgbà tí lákà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń bo ojú rẹ̀, bà lé e ló ń sọ bóyá yóò ṣú. Bàbà àti síǹkì ni wọ́n pò di idẹ. Bàbà yẹn ni òógùn ọwọ́, ọ̀rinrin àti èéfín ń bá jà.

Kí ẹ tó lẹ idẹ mọ́ igi, ẹ fi sáńpépà 80 (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí ló ń kúnná sí) ha ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi sípíríìtì nù ún. Araldite, gọ́ọ̀mù alápá méjì tí a ń pò pọ̀, ni kí ẹ lò. Gọ́ọ̀mù funfun lómi nínú, kì í sì í di idẹ mú.

Bí igi yín bá funfun bí arère, ẹ kọ́kọ́ fi ṣẹ́láàkì, ọ̀dà tí a fi sípíríìtì pò, kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ẹ tó ha idẹ. Dúdú ni eruku idẹ; bó bá wọ ojú igi, kò ní jáde tán. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí igi tó mọ́ tónítóní tí àbàwọ́n yí idẹ rẹ̀ ká.

Ẹ wá fi sáńpépà 220 ha idẹ náà, lẹ́yìn náà 400, kí ẹ fi 600 parí rẹ̀, kí ọwọ́ yín máa tọ ìlà igi. Ẹ fẹ́ eruku dànù. Ẹ fi sípíríìtì nu orí idẹ nìkan, torí ó ń tú ṣẹ́láàkì. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́: iyọ̀ inú òógùn máa ń fi ojú ìka sílẹ̀ sábẹ́ lákà. Lọ́jọ́ kan náà ni kí ẹ fọ́n lákà, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rinrin máa ń sọ lákà di funfun, nítorí náà èmi kì í ha idẹ ní àhákẹ́yìn lọ́jọ́ òjò.

Ẹ má fi òróró kùn ún. Ásíìdì inú òróró máa ń mú kí bàbà yọ àwọ̀ ewé. Ẹ má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Òótọ́ ni pé a ń ki Ọ̀ṣun ní a-wẹ-idẹ-kó-tó-wẹ-ọmọ, ṣùgbọ́n idẹ tó dá wà ló ṣeé wẹ̀. Èyí tó wà nínú igi yóò fa omi sí igi lára.

Aṣọ gbígbẹ àti ìda oyin díẹ̀ ti tó oníbàárà. Bí lákà bá bó níbì kan, ibẹ̀ ni ṣíṣú yóò ti bẹ̀rẹ̀: ẹ fi tínà yọ lákà ojú ibẹ̀, ẹ ha á, kí ẹ tún fọ́n òmíràn.